Orin wo ni kí n fi kádìí eré píánò mi? Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí, àti èsì mi

Mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní píánò ní Sùúrùlérè tipẹ́. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ṣe recital, òun nìkan, píánò kan, èrò níwájú, orin tó máa fi bẹ̀rẹ̀ kì í dà á láàmú. Èyí tó máa fi parí ni kì í jẹ́ kó sùn. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lórí orin àṣekágbá ni mo kó jọ síbí. Bí mo ṣe ń dáhùn wọn nílé ni mo ṣe dáhùn wọn, ẹ má bínú tí mo bá pẹ́ lórí òmíràn.

Àǹtí, ṣé lóòótọ́ ni orin tó kẹ́yìn ṣe pàtàkì ju èyí tó ṣíwájú lọ?

Ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sórí ìwé ìpè, kí ẹ wá lọ jókòó sí MUSON ní Oníkan. Tó bá lu mẹ́fà gééré, ta ló máa wà níbẹ̀? Ìyá yín, tíṣà yín, àwọn tó ń gbé ní Ọbalende àti Làfiàjì, àti ẹnì kan tó jọ pé afẹ́fẹ́ tútù ló wá gbà. Àwọn tó kù wà lórí Third Mainland Bridge nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wọ́n ń wo ọ̀sà. Bach tí ẹ fi oṣù mẹ́rin kọ́, àga òfìfo ló gbọ́ ọ jù. Àwọn kan á wọlé nígbà tí ẹ bá wà lórí orin kejì, wọ́n á máa tẹ̀ lórí ìka ẹsẹ̀, bàtà wọn á sì máa dún ju píánò lọ. Lẹ́yìn ìsinmi ni ilé tó máa ń kún. Orin àṣekágbá nìkan ni gbogbo ilé jọ máa ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi ò jẹ́ fi orin tí mo fẹ́ràn jù bẹ̀rẹ̀ eré mọ́.

Ṣé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó le jù nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n tẹ̀?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Ẹ wá èyí tó le jù tí ẹ lè tẹ̀ nígbà tó bá ti rẹ̀ yín. Orin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn lè jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Polonaise Chopin, Op. 53, tó kọ ní 1842. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méje lọ, ohùn rẹ̀ wọ etí, ó ń yan bí ọba tó ń bọ̀ lójú agbo, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló sì fẹ́ fi kádìí eré. Tí ẹ bá dé àárín rẹ̀, ọwọ́ òsì á bọ́ sórí nóòtì mẹ́rin tó ń sọ̀ kalẹ̀: E, D-sharp, C-sharp, B. Àtàǹpàkò wà lórí ọ̀kan, ọmọńdinrín wà lórí ìkejì rẹ̀ nísàlẹ̀, méjèèjì ń lọ pọ̀. Mẹ́rin yìí á máa yí po, á máa yí po. Jẹ́jẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹṣin tó ṣì wà lókèèrè, tí á sì máa sún mọ́ tòsí. Ní àárọ̀, lẹ́yìn tíì àti búrẹ́dì, ọwọ́ yín á gbé e. Lẹ́yìn wákàtí kan Beethoven ńkọ́? Ibi tó wà láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́ á le gbagidi bí ọmọ odó. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká tì í, ohùn á burú, eré á falẹ̀, ẹṣin ò sì ní í dé.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbé yín, ẹ ṣe báyìí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má fọwọ́ kan orin yẹn láàárọ̀ rárá. Ẹ tẹ gbogbo ètò yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sinmi, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ gbẹ̀yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ń gbé òkè kẹta ní Yábàá máa ń gbé garawa omi gòkè lẹ́ẹ̀mejì kó tó jókòó sídìí ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ fún mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ eré rẹ̀, ọwọ́ òsì yẹn ò mì. Tí orin yín bá fọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nínú márùn-ún, ẹ má lé e dànù. Ẹ gbé e sí kété lẹ́yìn ìsinmi, nígbà tí ọwọ́ ti simi, kí ẹ wá nǹkan míì fi parí.

Apá kẹta Sonata keje ti Prokofiev, tó parí ní 1942, náà wà níbẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin, lílù méje-méje ló sì ń lọ, kò síbi tí èèyàn ti lè mí. Tó bá yọrí, ilé á dìde. Tí kò bá yọrí, gbogbo ayé ló máa mọ̀. Islamey tí Balakirev kọ ní 1869 ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ fún onípíánò ẹgbẹ́ wọn.

Báwo ló ṣe yẹ kó gùn tó?

Tí gbogbo eré bá jẹ́ wákàtí kan sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, orin tó wà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí ogún ló dáa. Pictures at an Exhibition ti Mussorgsky, 1874, tó ìṣẹ́jú márùnlélọ́gbọ̀n. Tí ẹ bá mú un, òun ni gbogbo abala kejì, ẹ má fi nǹkan kan ṣíwájú ẹ̀. Ẹnubodè ńlá tó wà ní ìparí rẹ̀ kì í já mi kulẹ̀ rí.

Ṣé mo lè fi orin jẹ́jẹ́ parí? Tàbí ó di dandan kó pariwo?

Ẹ lè fi jẹ́jẹ́ parí, àwọn àgbà ti ṣe é. Sonata tí Beethoven kọ gbẹ̀yìn, Op. 111, ti 1822, abala méjì péré ló ní, jẹ́jẹ́ ló sì ń lọ sùn. Èyí tí mo máa ń sọ fáwọn ọmọ jù ni Sonata B minor ti Liszt, tó parí ní 1853. Ìparí aláriwo ló kọ́kọ́ kọ fún un, ohun tí gbogbo ayé ń retí lọ́wọ́ Liszt. Ó wá fa igi lé e lórí, ó kọ òmíràn: kọ́ọ̀dù díẹ̀ lókè, jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà B kan ṣoṣo ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kúkúrú, bí ẹni fi ìka kan kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan tó sì yí padà lọ. Ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ṣì wà, igi tó fà sì wà lórí ẹ̀.

Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ o. Ìparí jẹ́jẹ́ nílò ìdákẹ́jẹ́, ìdákẹ́jẹ́ sì wọ́n ní Èkó. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé, kéèkẹ́ ń fun fèrè níta, fóònù ẹnì kan á ké ní ìlà kẹta láti iwájú, ó sì máa ń jẹ́ ìlà kẹta yẹn nígbà gbogbo. Àwọn èèyàn wa náà, tí píánò bá ti rọlẹ̀, wọ́n rò pé ó ti tán, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Wọn ò ṣẹ̀. Ara yín ni ẹ máa fi sọ fún wọn. Ẹ má gbé ọwọ́ kúrò lórí kíì. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà títí ohùn yóò fi lọ tán fúnra rẹ̀. Ẹ tẹjú mọ́ kíì, ẹ má wo èrò. Ẹ ka ẹ̀ẹ́kan, èjì, ẹ̀ta nínú, kí ẹ wá gbé ọwọ́ wá sórí itan. Ìgbà tí ọwọ́ bá kan itan ni àtẹ́wọ́ máa sọ. Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yìí léraléra nílé bó ṣe ń ṣe skéèlì.

Tí gbọ̀ngàn yín bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà tàbí gáréèjì, ẹ má dán an wò.

Ṣé mo lè fi orin ọmọ Nàìjíríà kádìí eré? Wọ́n ní ènì ló yẹ kí n fi ṣe.

Ọ̀rọ̀ ènì yìí máa ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹ lọ ra gààrí ní Tejúoṣó, wọ́n wọ̀n ọ́n tán, ẹ ní kí wọ́n fi ènì sí i. Ẹ̀kúnwọ́ tí ẹ ò sanwó fún ni ènì. Bí a ṣe ń ṣe orin àwọn èèyàn wa nìyẹn. Beethoven ni ọjà, Chopin ni ọjà, Liszt ni ọjà. Tí wọ́n bá ti pàtẹ́wọ́ tán, a ó wá mú ìṣẹ́jú méjì orin píánò tí Ayọ̀ Bánkọ́lé, ọmọ wa, kọ yọ, a ó rẹ́rìn-ín músẹ́, a ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń pín súìtì fọ́mọdé. Orúkọ rẹ̀ ò tilẹ̀ sí nínú ìwé ètò.

Ẹ gbé e sínú òṣùwọ̀n. Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Akin Euba, 1935 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Bánkọ́lé ti kọ Nigerian Suite fún píánò ní 1957. Euba, ọmọ Èkó, tó kú ní 2020, ló mú èrò tó pè ní African pianism wá: kí píánò yé ṣe bí àlejò lọ́dọ̀ wa, kó máa sọ̀rọ̀ bí ìlù. Scenes from Traditional Life tó kọ ní 1970 wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Joshua Uzoigwe, ọmọ Igbo, tó gbé ayé láti 1946 sí 2005, kọ Talking Drums. Ukom àti Egwu Amala wà nínú ẹ̀.

Tí ẹ bá bi mí, èmi á ní kí ẹ fi ti Uzoigwe parí. Ti Euba dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gún, etí tó bá ti rẹ̀ kì í gbà á. Àárín abala kejì ni mo máa ń gbé e sí. Suite Bánkọ́lé fúyẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín; ẹ fi ṣíwájú orin ńlá, ó máa ń tún etí ṣe.

Ẹ má rò pé ó rọrùn nítorí pé ìlù ilé wa ló wà nínú ẹ̀. Ẹ ronú sí dùndún. Omele ń sọ gbólóhùn kúkúrú kan ṣoṣo, kò yẹ̀, kò sáré, kò bínú. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, ó ń pe orúkọ, ó ń bú èèyàn, ó ń dákẹ́ nígbà tó wù ú. Nínú irú orin píánò yìí, ọwọ́ kan ni omele, ọwọ́ kejì ni ìyáàlù, orí kan ṣoṣo ló sì ń darí àwọn méjèèjì. Tó bá ti rẹ onípíánò, omele ló máa ń kọ́kọ́ dalẹ̀: á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀lé ìyáàlù. Ẹni tó gbọ́ ìlù á mọ̀ lójú ẹsẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ ìwé orin kà. Nílé mi, ọwọ́ omele nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ tẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, tí á sì máa bá mi sọ̀rọ̀ lórí nǹkan míì. Ọjọ́ tó bá lè sọ iye tí tòmátì wà lọ́jà láìjẹ́ pé ọwọ́ yẹ̀ ni mo máa ń fún un ní ọwọ́ kejì.

Lọ́dún kan, a ṣe eré kan ní Yábàá, a fi Ukom parí. Bàbá àgbà kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti sùn la Schubert já. Bí ọwọ́ òsì ṣe bẹ̀rẹ̀, ìka bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kan apá àga, kì í ṣe ohun tí píánò ń sọ, ohun tó wà láàárín rẹ̀, èyí tí píánò fi sílẹ̀. Ó lu ti ẹ̀ dé ìparí. Mi ò rí ẹni tó bá Chopin ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Níbo lẹ ti máa rí ìwé orin? Nyaho, onípíánò tí ìdílé rẹ̀ ti Gánà wá, kó orin píánò Áfíríkà àti ti àwọn ọmọ Áfíríkà káàkiri ayé jọ sí ìwé márùn-ún fún Oxford University Press, láti èyí tó rọrùn dé èyí tó le. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Fẹlá Ṣówándé tí gbogbo wa mọ̀, dùùrù ńlá ti ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ púpọ̀ fún. Ẹ má fipá gbé e sórí píánò.

Píánò tó wà ní gbọ̀ngàn yẹn ò dáa. Ṣé mo lè má yí orin padà?

Ẹ lọ wò ó kí ẹ tó yan orin. Igi àti fẹ́ẹ̀tì ló pọ̀ jù nínú píánò, àwọn méjèèjì ló sì ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Lóṣù kẹfà, tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, kíì á wú, á sì máa há. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kò ní í gòkè padà. Tí ọyẹ́ bá dé, igi á gbẹ, ohùn á sọ̀. Ẹ tẹ gbogbo kíì 88 lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹ fi bírò kọ èyí tó ń ṣàìsàn sílẹ̀, kí ẹ wá wo ìwé orin yín bóyá ẹ nílò rẹ̀ lójú ewé tó kẹ́yìn.

Ẹ wo irú píánò náà pẹ̀lú. Èyí tó dúró gbọn-in sára ògiri kì í yára dá kíì padà bíi grand, píánò ńlá tó nà gbọọrọ sílẹ̀. Grand ní apá kékeré kan nínú tó ń jẹ́ kí ẹ lè tún nóòtì kan náà tẹ̀ kí kíì tó gòkè tán. Érard, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe píánò, ló gbé irú ẹ̀ jáde ní 1821. La Campanella ti Liszt, tí nóòtì kan náà ń dún ní àdúntúndún bí agogo, lórí píánò ara ògiri tó ti gbó? Ẹ ṣàánú ara yín. Orin tó ní kọ́ọ̀dù ńlá, tó ń rìn pẹ̀lẹ́, ló máa ń gba píánò burúkú là.

Ọmọ mi ọdún mẹ́sàn-án ní Für Elise lòun máa fi parí. Ṣé kò kéré jù?

Ẹ jẹ́ kó fi parí. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ tẹ orin àṣekágbá látorí, láìwo ìwé?

Liszt àti Clara Schumann ló sọ títẹ̀ látorí di àṣà, kì í ṣe òfin Mósè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé orí máa ń rẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń rẹ̀, orin àṣekágbá ló sì máa ń bọ́ sórí ẹni tó ti rẹ̀. Tí ẹ bá máa wo ìwé, ẹ wá ẹni tó mọ ìwé orin kà láti máa bá yín ṣí i, kì í ṣe àbúrò yín tó rẹwà. Kí ẹ sì wo ibi tí fáànù kọjú sí! Mo ti rí ewé orin mẹ́ta tó fò kọjá lórí mi lọ bá àwọn tó jókòó níwájú.

Tí wọ́n bá ní kí n tún tẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Ẹ fún wọn ní ènì, èyí tó jẹ́ ènì lóòótọ́: ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, tó sì yàtọ̀ sí orin àṣekágbá. Tí ẹ bá fi ariwo parí, ẹ fi jẹ́jẹ́ ṣe ènì. Ẹ má fi nǹkan tí wọ́n fẹ́ràn jù ṣe é, kó má di gbèsè sí yín lọ́rùn. Rachmaninoff kọ Prelude C-sharp minor rẹ̀ ní 1892, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, títí tó fi dàgbà ni àwọn èrò ń pariwo pé àfi kó tẹ̀ ẹ́. Ó sú u pátápátá. Orin ìsìn tí gbogbo ilé mọ̀ náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé wọ́n á bá yín kọ ọ́, ẹlòmíì á dá ohùn kejì sí i, ẹ ò sì ní í tètè lọ sílé.

Tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín orin àṣekágbá ńkọ́?

Tó bá jẹ́ píánò gidi, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Òkùnkùn ò dí ọwọ́ tó mọ ọ̀nà lọ́wọ́, àwọn èèyàn á sì tan fóònù wọn.

Tó bá jẹ́ kíbọ́ọ̀dù oníná, mo ní ìtàn. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní gbọ̀ngàn kan lápá Mainland, ọjọ́ ti pẹ́. Polonaise yẹn kan náà ni mo fi ń parí. Mo ti wà lórí ẹṣin ọwọ́ òsì, ó ti ń sún mọ́ tòsí, iná lọ. Ohun tí mo gbọ́ kù ni kíì oníke tó ń dún gbà-gbà-gbà-gbà bí ẹni ń gbá ata lókùúta, mo sì tẹ̀ tó ìlà méjì kí n tó mọ̀ pé kò sí ohùn. Mo dúró. A ń gbọ́ ẹnì kan lẹ́yìn ilé tó ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, tó ń bi ẹlòmíì léèrè bóyá epo wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà, iná dé. Mo mí, mo gbé ọwọ́ sókè, mo bọ́ sórí Chopin padà pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ẹgbẹ́ akọrin tó ni kíbọ́ọ̀dù náà ti tò ó pé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan, dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni kó máa dún. Èrò ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rò pé orin ìyìn ni. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn padà lára ẹ̀rọ náà, ojú sì ń tì mí láti béèrè. Bí mo ṣe fi ohùn dùùrù tẹ̀ ẹ́ dópin nìyẹn. Ẹnì kan wà lẹ́yìn tó ṣe àmín.